Bí a ti ń ka àmì ara ìwé ní ilé ìkàwé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ pọ̀. Ó jẹ́ nípa àmì kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ní ilé ìkàwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ̀wé kà dáradára ni ó ń wọ ilé ìkàwé tí ó sì ń padà lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀. Àmì náà ni wọn kò mọ̀ ọ́n kà.

Kí ni àmì yìí? Ibùgbé ìwé ni ó ń sọ. Bí àlejò bá ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, yóò kọ́kọ́ béèrè àdúgbò, bóyá Ìjẹ̀rú ni tàbí Òkèlérìn. Lẹ́yìn náà, agbo ilé. Níkẹyìn ni yóò dárúkọ ẹni náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àmì ìwé: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ ohun tí ìwé náà dá lé lórí, ìparí rẹ̀ sì sábà máa ń tọ́ka sí ẹni tí ó kọ ọ́.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1876. Ó pín gbogbo ìmọ̀ sí ipa mẹ́wàá, láti 000 dé 900. Ìsìn wà ní 200, Bíbélì sì wà ní 220. Èdè Yorùbá wà ní 496.333, ìtàn Nàìjíríà wà ní 966.9. Ẹ kíyè sí àmì ìdúró tí ó wà láàrin. Nọ́mbà tí ó ṣáájú rẹ̀ ni a ń kà bí a ti ń ka owó; èyí tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń wò ó. Nítorí náà 496.333 ṣáájú 496.4, nítorí pé 3 ṣáájú 4. Ẹni tí ó bá wí pé ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ju mẹ́rin lọ yóò ṣìnà.

Èkejì ni ti ilé ìkàwé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò. Lẹ́tà ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀: BS ni Bíbélì, DT ni ìtàn Áfíríkà, PL8821 sì ni èdè Yorùbá. Nọ́mbà tí ó tẹ̀ lé lẹ́tà wọ̀nyí ni a ń kà bí owó, nítorí náà DT90 ṣáájú DT515. Ṣùgbọ́n bí a bá rí .J65 àti .J7 lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a tún ń wò wọ́n: .J65 ni ó ṣáájú.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé A, B, D tiwa kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bí kò ṣe A, B, C ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí. Ṣ wà pẹ̀lú S, Gb sì wà lábẹ́ G.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí tó nǹkan? Ẹ rántí Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901 láì rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù. Ó di 1921 kí ó tó jáde. Ìwé tí a dá padà sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ sọnù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí ó tilẹ̀ wà nínú ilé. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìwé tán, tí ibi tí ẹ ti mú un kò dá yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì fún olùtọ́jú ìwé.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ti Onítẹ̀bọmi tí a dá sílẹ̀ ní 1898 wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yunifásítì Ladoke Akintola ti 1990 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yunifásítì Ajayi Crowther ti 2005 wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín tí ń lọ síbẹ̀ láti da àmì ìwé kọ pátápátá, pẹ̀lú àmì ìdúró rẹ̀, kí wọ́n tó lọ sí ìdí pẹpẹ ìwé. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, kí wọ́n wo àwọn tí ó wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá sì rú wọn lójú, kí wọ́n béèrè: abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.