Ẹnì Kan Ní Í Bímọ, Igba Ènìyàn Ní Í Wò Ó
Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá sọ ní GRA, Onitsha

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí a kì í sábà rí ní òde ayẹyẹ wa ni mo bá wá: àwọn tí ọpọlọ tàbí ara wọn kò dàgbà bí ti ẹgbẹ́ wọn.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé inú ilé, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Ta ni ó fà á?" Àwọn kan a ní ìyá rẹ̀ rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún; àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ìmọ̀ nípa àjogúnbá ara kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Down syndrome. Ní 1959, Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kéde pé krómósómù kan lé nínú ara àwọn tí ó ní i. Krómósómù ni ohun tín-tìn-tín inú ara tí ó gbé àjogúnbá wa. 46 ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, 47 ni tiwọn. Ó sábà máa ń ti wà níbẹ̀ kí ìyá tó mọ̀ pé òun lóyún. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni kọ́. Kò sí oògùn tí ó lè yọ ọ́ kúrò, ẹ má sì sanwó fún ẹni tí ó bá ní òun lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti mọ orúkọ rẹ̀, dókítà mọ ohun tí yóò yẹ̀ wò: nǹkan bí ìdajì wọn ni a bí pẹ̀lú àléébù ọkàn, etí àti ojú wọn sì ń fẹ́ àyẹ̀wò.

Àpẹẹrẹ kejì tún sún mọ́ wa sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, pàápàá ọmọkùnrin, ni èròjà ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní G6PD kò tó lára wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá alára sì lè má mọ̀. Bí a bá wọ aṣọ tí a kó kánfọ̀ sí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí funfun ojú rẹ̀ dà bí ìyeyè. Bí ibà apọ́njú náà bá le tí a kò sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, kí ọmọ di adití tàbí kí ó má lè dá rìn. Nítorí náà, ẹ má kó kánfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun. Bí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n, ẹ má ṣe máa sá a sí oòrùn nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ tí ìpèníjà ti bá ńkọ́? Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí ó bá yà á sọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà rẹ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin kì í di ọmọ lọ́wọ́ mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ènìyàn ni ó ń ṣe é.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹ̀bi láàyè ní ìpàdé yín. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún ọkọ̀ àti àyẹ̀wò ìyá tí dókítà bá ní kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Nnewi. Ẹ sì máa pe àwọn ọmọ wọ̀nyí sí òde yín, kí ẹ fún wọn ní ìjókòó láàárín ẹgbẹ́ wọn.

Nílé, ìyá àgbà wà nítòsí láti gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ. Ní ìdálẹ̀ níbí, ẹgbẹ́ ni ẹbí. Bí ẹgbẹ́ bá yẹra, ìyá náà ku òun nìkan.