Èéfín, Efinrin àti Ẹja Etí Ọ̀sà

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo mú wá, ẹja tí a ń yan ní Ajah àti Badore, ní ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ Lekki tí òkun wà ní apá kan rẹ̀, tí ọ̀sà sì wà ní apá kejì.

Àwọn kan nínú àwa tí a kàwé a máa fi ojú tín-ín-rín wo ààrò ìyá ẹlẹ́ja. Wọ́n ní èéfín lásán ni. Kì í ṣe lásán. Nígbà tí igi bá ń jó láìrí afẹ́fẹ́ tó, ohun tí ó mú igi le gbọingbọin a tú ká, a sì di oríṣiríṣi èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phenol. Èéfín ni ó ń gbé wọn lọ sí ara ẹja. Ẹni tí ó bá ti gbóòórùn ọṣẹ kábọ́líìkì ti pàdé mọ̀lẹ́bí wọn. Kábọ́líìkì kan náà ni Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, fi ń tọ́jú ọgbẹ́ kí ó má bàa kẹ̀, tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1867.

Bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò rí, ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó di ohun inú rẹ̀ mú. Phenol a wọ inú awọ náà, awọ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí igbá tí ó sán. Àwọn mìíràn, bí Salmonella tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tún ní ààbò kejì lóde awọ. Àwọn wọ̀nyí a máa ṣorí kunkun.

Efinrin ńlá tí a ń já sí ọbẹ̀ ẹja kò jìnnà sí èyí. Thymol wà nínú òróró ewé rẹ̀, phenol sì ni thymol pẹ̀lú. Ní ọdún 1969, Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí efinrin gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn wa ti ń lò ó fún ìṣègùn, wọ́n sì rí i pé òróró náà lágbára lórí bakitéríà. Èyí dùn mọ́ mi ju ọ̀pọ̀ ìyìn tí a ń fi ẹnu yin àṣà lọ, nítorí pé wọ́n dán an wò.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fetí sílẹ̀. Thymol inú ìkòkò ọbẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti inú ìgò onímọ̀, ọ̀rá ẹja a sì tún dín agbára rẹ̀ kù. Èéfín pàápàá, ẹ̀yìn ara ẹja ni ó ń bà lé jù. Ooru iná àti gbígbẹ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí ẹja bá ti wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀, tí ọwọ́ eléegbò sì ti kàn án, Staphylococcus lè ti tu oró sínú rẹ̀, oró tí híhó omi kì í pa. Ẹni tí ó bá ń sọ pé efinrin yóò ká a ń fi ẹ̀mí ará ilé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ẹ má gbàgbé ọ̀dà dúdú pẹ̀lú: ẹja tí a yan jù ní èròjà tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ààrò tí ahọ́n iná kì í lá ẹja, tí ọ̀rá kì í kán sórí ẹyín iná, ni ó sàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin olórí ẹbí tí ẹ ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ etí ọ̀sà fún àwọn tí ń da iyanrìn sí i láti kọ́lé, ẹ fi èbúté sílẹ̀ fún àwọn ìyá wọ̀nyí, pẹ̀lú ibòji àti omi tí ó mọ́, kí ẹja lè ti inú ọkọ̀ dé orí ààrò kí oòrùn tó mú un.