Ọwọ́ àbí Ṣíbí?

Báwo la ṣe ń jẹ bìràbìsìkò àwọn Kanuri ní Maiduguri? Jéró tàbí àgbàdo tí wọ́n lọ̀ ní wóróworó, tí wọ́n fi ooru omi sè ni. Kì í ṣù bí àmàlà, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń wá ṣíbí. Nídìí àwo ńlá kan ṣoṣo, àwọn Kanuri á pe orúkọ Ọlọ́run, wọn á fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú, oníkálùkù á jẹ ti iwájú rẹ̀. Ilé Yorùbá náà ní ìlànà tirẹ̀: àgbà ló ń kọ́kọ́ fọwọ́, ọmọdé kì í sáré mú ẹran. Lójú tèmi, ṣíbí kò tàbùkù oúnjẹ. Ọwọ́ òsì àti ìwà wọ̀bìà ló ń tàbùkù rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá pè yín jẹun lónìí, ẹ ṣe bí onílé ti ń ṣe.