ÌTỌ́JÚ ỌKÀN ÀWỌN ỌMỌ WA TÍ ÒYE WỌN KÒ TÈTÈ JÍ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti ọ̀nà, tàbí ti omi ẹ̀rọ, tàbí ti iná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nyí ni ẹgbẹ́ wa máa ń jíròrò lé lórí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kan ni, tí wọ́n wà ní ọ̀pọ̀ agbolé, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà dárúkọ wọn ní gbangba: àwọn tí òye wọn kò tètè jí láti kékeré. A ń bọ́ wọn, a sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Ṣùgbọ́n bí ọkàn wọn bá ṣàìsàn, ta ni ń tọ́jú rẹ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ẹnu wa máa ń dà pọ̀. Àìtètè-jí òye kì í ṣe wèrè. Ẹni tí òye rẹ̀ kò tètè jí ni ẹni tí ó ṣòro fún láti kẹ́kọ̀ọ́, láti sọ̀rọ̀, láti ṣírò owó tàbí láti tọ́jú ara rẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe. Ohun tí ń fà á pọ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ kò rí èémí mí nígbà tí a bí i. Nígbà mìíràn, ibà pọ́njú ni ó mú un ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí a kò tètè gbé e dé ilé-ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ibà tí ó le tí ó fi dé ọpọlọ. Ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a láti inú oyún wá. Ní ọdún 1959, dókítà ọmọ Faransé kan, Jérôme Lejeune, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris, fi hàn pé àwọn ọmọ tí a ń pè ní ọmọ Down ní kírómósómù 47 dípò 46 tí ó wà nínú ara àwọn ènìyàn yòókù. Kò sí èpè níbẹ̀, kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀, ìyá ọmọ kò sì jẹ̀bi.

Ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó wọra, ìpayà tí kò lọ, àti gbígbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Àìsàn ni wọ́n. Wọ́n lè dé bá ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí: ẹnìkan ṣoṣo lè ní méjèèjì. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí òye wọn kò tètè jí ju láàrin àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ara wọn ni a kì í ti í tètè rí i. Ní ọdún 1982, Steven Reiss, onímọ̀ nípa ìṣe ọkàn ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n ní ohun tí a ti mọ̀ mọ́ ẹni náà tẹ́lẹ̀ a máa ṣíji bo àìsàn tuntun, tí àwọn oníṣègùn pàápàá kì í fi í rí i. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Bí ọmọbìnrin kan tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń bá wa gbálẹ̀, bá ṣàdédé dákẹ́, tí kò jẹun mọ́, a ó ní, "Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí tẹ́lẹ̀." Bóyá ìyá àgbà tí ń tọ́ ọ ni ó kú, tí ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì í láti ṣàlàyé fún un. Ìbànújẹ́ ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, àwa ń pè é ní dìndìnrìn.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́ ni ó yan ìdákẹ́. Ọ̀rọ̀ ni kò tó lẹ́nu wọn. Ìṣesí wọn ni ọ̀rọ̀ wọn. Nítorí náà, àyípadà ni kí a máa ṣọ́: nínú oúnjẹ, nínú oorun, nínú ẹ̀rín, nínú ìmọ́tótó. Bí a bá rí i, kí a béèrè ohun mẹ́ta, kí a má sì fo èyíkéyìí.

Èkíní, ṣé ara ni? Ẹni tí ń fi orí gbá ògiri lè jẹ́ ẹni tí eyín tàbí etí ń dùn, tàbí tí kò yàgbẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Wárápá náà a máa yí ìṣesí padà. Ní ti àwọn ọmọ Down, ẹṣẹ́ kan tí ó wà ní ọrùn a sábà máa rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni náà a wá máa tòògbé, a máa sanra, a máa fà nílẹ̀. Àwọn ènìyàn a ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ a máa fi í hàn, oògùn oníhóró sì ń tọ́jú rẹ̀.

Èkejì, ṣé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i ni? Ta ni ó kú? Ta ni ó kó kúrò nílé? Ta ni ń nà án, tàbí tí ń fi í ṣẹ̀sín? Ẹnìkan ha ń fipá bá a lò ní kọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè rojọ́ ni ìkà máa ń wá.

Ẹ̀kẹta, bí kò bá sí nínú méjèèjì, tàbí bí àtúnṣe wọn kò bá tó, nígbà náà ni kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àrùn ọpọlọ.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn ọkàn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè ní oríṣiríṣi ibi ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n kì í wo ìbànújẹ́ sàn, pàṣán kì í sì í wo eyín. Kí ẹ̀yin ará wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó má sì rò pé ẹ̀wọ̀n irin nìkan ni ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 2015, àwọn aláṣẹ ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò pé àgbàlagbà bí 30,000 sí 35,000 irú àwọn wọ̀nyí ni a ń fún ní oògùn àìsàn ọkàn lójoojúmọ́ láìsí àìsàn tí ó bá a mu. Ní ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo láti dín in kù. Oògùn dára fún àìsàn tí a mọ̀. Kì í ṣe ohun tí a fi ń pa ẹni tí ń ké lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàdédé dá oògùn dúró fúnra yín. Dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ilẹ̀ wa ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Arò níbi tí àwọn aláìsàn ọkàn ń gbé ní abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, tí ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó mọ aláìsàn jẹ́ apá kan ìwòsàn rẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó lè sọ tẹnu rẹ̀, mélòó mélòó fún ẹni tí kò lè sọ ọ́!

Òfin náà ti ń ràn wá lọ́wọ́. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀-ara léèwọ̀ gba ìbuwọ́lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin tuntun lórí ìlera ọkàn sì gbà á ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ní asínwín. Ṣùgbọ́n òfin kì í kan ilẹ̀kùn. Ènìyàn ni ń kàn án.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Kí a yan àwọn díẹ̀ tí nọ́ọ̀sì yóò kọ́, tí wọn yóò máa bẹ àwọn ilé wọ̀nyí wò, tí wọn yóò sì máa gba ìyá ọmọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀ kí òun náà lè sinmi. Kí a ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí Arò tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta kò ná wa ju owó ìwé kékeré kan lọ. Kí a kọ orúkọ ọmọ náà sí i, àti ohun tí ó ń jẹ, ohun tí ń bà á lẹ́rù, orin tí ń tù ú nínú, oògùn tí ó ń lò, àti bí ó ti ń ṣe bí ara bá ń ro ó. Títí di òní, orí ìyá rẹ̀ nìkan ni gbogbo èyí wà. Ọjọ́ tí ìyá bá sì lọ, ta ni yóò mọ ìtumọ̀ igbe rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ń bá ilé sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ọmọ yẹn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa pe afín àti abuké ní ẹni òòṣà, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kí a na ọ̀wọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òye rẹ̀ kò tètè jí. Ọmọ kì í burú títí kí a lé e fún ẹkùn pa jẹ. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ burú rárá.

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa tòrò.