Ọmọ Tó Pẹ́ Kó Tó Sọ̀rọ̀: Ta La Máa Gbé E Fún?



Ọmọ ọdún méjì tí kò tíì rìn, ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ má jókòó ti ọ̀rọ̀ pé bí bàbá rẹ̀ náà ṣe pẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí Specialist Ìkàrẹ́, kí dókítà wò ó. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀, báwo ló ṣe máa sọ ọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Èmi náà ti ṣìnà níbẹ̀. Ẹnì kan ní láàrin oṣù mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mi á máa sọ̀rọ̀ geere. A kó owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí ìyá ọmọ dúró síta. Oṣù mẹ́ta pé, owó ti lọ, ọmọ wá ń sá fún àlejò. Ẹni tó bá ti ṣèlérí ìwòsàn kó tó wo ọmọ yín dáadáa, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Láti 1988 ni òfin ti dá Medical Rehabilitation Therapists Board sílẹ̀. Àwọn ló ń forúkọ physiotherapist sílẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìjókòó àti ìrìn; àti speech therapist; àti occupational therapist tó ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe máa jẹun, bí yóò ṣe máa wọṣọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé náà gbà, ẹ wo ti ọdún yìí. Kì í ṣe ìwọ̀sí.

Physiotherapy wà ní FMC Ọ̀wọ̀, àmọ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ lè gbé yín dé UCH, Ìbàdàn. Ta ló lè máa ti orí òkè Ọ̀kà lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi yan ẹni tó máa kọ́ ìyá ọmọ níṣẹ́ náà. Kí ìyá wò ó, kó ṣe é lójú rẹ̀, kó wá máa ṣe é nílé níbi tó ti ń bẹ iṣu. Bí ọmọ bá nawọ́ síṣu, kó pe "iṣu", kó dúró díẹ̀ kó tó fún un. Ẹ bi oníṣẹ́ náà pẹ̀lú: kí lọmọ yìí máa lè ṣe tá a fi máa mọ̀ pé ó ń tẹ̀ síwájú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ láti Èkó àti London, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi ti ń pe "omi" báyìí. Ọdún kan ló gbà wá.