Àpò Kékeré Tí Ń Jí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí nígbà tí a bá tan iná rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí nínú ara wọn pé, kí ló kan ẹni tó ń wa ọkọ̀ àti ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí? Ó kàn wá gan-an. Kọ̀ǹpútà ló ń ka páálí tí a dì, òun ló ń kọ ìwọ̀n ẹrù sílẹ̀, òun náà ló ń kọ nọ́ńbà mọ́tò tó wọlé àti èyí tó jáde ní gáréèjì. Ní ọjọ́ tí kò bá jí, àwa tí a wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi léèrè.

Púpọ̀ nínú irú àwọn kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ló ń lo Linux. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn kún un. Ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kernel. Kernel ni alábòójútó inú kọ̀ǹpútà: òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń pín àyè, òun ló sì ń bá díìsìkì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun èlò yòókù sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ. Bí a bá tan iná, kernel kọ́ ló kọ́kọ́ dìde. Ètò kékeré tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi sínú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Èyí yóò pe ètò kejì, tó ń jẹ́ GRUB lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. GRUB ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ka díìsìkì níwọ̀nba, yóò sì gbé kernel láti orí díìsìkì wá sínú RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Kernel ti jí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ńlá tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà ṣì wà lórí díìsìkì, kò sì tíì lè wọ ibẹ̀.

Kí ló dé tí kò lè wọlé? Ètò tó ń jẹ́ kí kernel lè lo ohun èlò kan ni wọ́n ń pè ní dírẹ́bà. Ẹ̀yin ará wa ọlọ́kọ̀, ẹ má bínú, orúkọ yín ni wọ́n yá. Oríṣiríṣi ni díìsìkì àti ohun tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní dírẹ́bà tirẹ̀. Bí a bá kó gbogbo dírẹ́bà ayé sínú kernel, yóò wúwo jù, nítorí náà a kó ọ̀pọ̀ wọn sórí díìsìkì. Ẹ wá wò ó: kernel kò lè ka díìsìkì láìsí dírẹ́bà, dírẹ́bà sì wà lórí díìsìkì. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni àpò kékeré kan tó ń jẹ́ initramfs. Nínú àpò náà ni a ń kó dírẹ́bà díìsìkì sí, pẹ̀lú irinṣẹ́ mélòó kan àti ìwé àṣẹ kan tó ń jẹ́ init. GRUB a máa gbé àpò yìí bá kernel wá. Kernel yóò tú u sínú RAM, yóò ṣe ohun tí init wí, dírẹ́bà yóò ṣí díìsìkì, wọn yóò sì wọ ilé ńlá lọ. Bí wọ́n bá ti wọlé tán, wọ́n a pa ohun inú àpò náà rẹ́ kúrò nínú RAM kí àyè lè ṣí fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí fáìlì, a kò sì bá a jà. Àwọn ọ̀gá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, tí wọ́n ń lé wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá wọn jí ilé-iṣẹ́ tán, àwọn la ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń di àpò náà? Lórí Debian àti Ubuntu tó ń lo initramfs-tools, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /etc/initramfs-tools/initramfs.conf. Ìlà méjì nínú rẹ̀ ló jẹ wá lógún jù. Èkíní ni MODULES. Bí a bá kọ MODULES=most, àpò yóò kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ dírẹ́bà díìsìkì, kí ó lè jí lórí irú ẹ̀rọ tó bá bá pàdé. Bí a bá kọ MODULES=dep, yóò wo ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, yóò sì kó kìkì dírẹ́bà tí ẹ̀rọ náà ń lò. Most dà bí àpótí irinṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń tún gbogbo mọ́tò gáréèjì ṣe. Dep dà bí sípánà mẹ́ta tí dírẹ́bà kan kó fún ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan. Ó fúyẹ́, ó dára, bí kò bá ti ní pààrọ̀ ọkọ̀.

Ìlà kejì ni COMPRESS. Èyí ni bí a ṣe ń fún ẹrù inú àpò mọ́ra kí ó lè kéré. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ rí mọ bí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ òwú pọ̀, tí wọ́n ń fi irin gbà á lámùrè. Bí ó bá ti le tó ni ó ń kéré tó, ṣùgbọ́n ẹni tó máa tú u gbọ́dọ̀ ní ohun ìgé irin, ó sì gbọ́dọ̀ ní àsìkò. Bákan náà ni níbí. Gzip ti wà láti ọdún 1992, ó sì wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Xz ń fún ẹrù kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kí a tó tú u. Lz4, tí Yann Collet gbé jáde ní ọdún 2011, ń tú wéré, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ tóbi jù. Zstd, tí ọkùnrin yìí kan náà ṣe, tí Facebook sì gbé jáde ní ọdún 2016, wà láàárín: ó kéré dáadáa, ó sì ń tú kíá.

Ẹ fi ọ̀kan yìí sọ́kàn: kernel gbọ́dọ̀ ní ohun ìtú irú ìdì tí a dì. Kernel 5.9, tó jáde ní ọdún 2020, ni Linux bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò tí a fi zstd dì. Bí a bá fi zstd di àpò fún kernel àtijọ́ tí kò ní ohun ìtú rẹ̀, àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ebi á sì pa á kú.

Èéṣe tí àwọn ènìyàn fi ń wá bí àpò yóò ṣe kéré? Nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ibi tó ń jẹ́ /boot, níbi tí kernel àti àpò rẹ̀ wà, kò tóbi. Kernel kọ̀ọ̀kan ló ní àpò tirẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá pọ̀ níbẹ̀, àyè á tán, a ò sì ní lè kọ tuntun parí.

Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Agbaṣẹ́ṣe kan wá ní ọ̀sán, ó rí i pé /boot ti kún, ó yí most padà sí dep, ó tún àpò dì, ó sì kó kernel àtijọ́ dànù. Ẹ̀rọ jí dáadáa, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà jóná, wọ́n yọ díìsìkì rẹ̀, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ mìíràn tí káàdì díìsìkì rẹ̀ yàtọ̀. Ní òru ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà kò jí, iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà nídìí rẹ̀ ní kúẹ̀rì pé ó ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Ohun tó gba ọmọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ ni pé ó ti mú bírò, ó sì kọ ohun tó rí lójú ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ yìí. Bí ẹ bá rí «Kernel panic» àti «Unable to mount root fs», ó sábà máa ń jẹ́ pé kernel kò rí àpò, tàbí kò lè tú u. Bí ẹ bá rí «does not exist. Dropping to a shell!», tí ọ̀rọ̀ náà initramfs sì dúró níbẹ̀ tó ń retí àṣẹ, àpò ti tú, init ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí díìsìkì. Èyí kejì ni ọmọ ẹgbẹ́ wa kọ. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n ṣí fáìlì náà lójú gbogbo wa, a sì bá dep níbẹ̀. Wọ́n fi fúláàṣì tan ẹ̀rọ náà, wọ́n yí i padà sí most, wọ́n tún àpò dì, ẹ̀rọ sì jí. Máníjà gba kúẹ̀rì rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, a kò ní kí gbogbo wa di amòye. Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè, a ó sì gbé e lọ síwájú àwọn ọ̀gá:

Èkíní, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí ìlà inú fáìlì yẹn padà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́, kí ó fọwọ́ sí i.

Èkejì, kernel kan tó ti ń jí tẹ́lẹ̀ àti àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní /boot, kí á lè yàn án láti inú GRUB bí tuntun bá kọ̀.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tó bá ti fi àṣẹ update-initramfs -u tún àpò dì, kí ó fi lsinitramfs wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó tún un tàn. Kò gbọdọ̀ lọ sílé títí ẹ̀rọ yóò fi jí lójú òun àti lójú ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n kọ́ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ẹ̀kọ́ yìí ní àkókò iṣẹ́, tọ̀sán tòru, láìyọ owó wọn.

Ní tiwa, ẹ máa mú bírò lọ́wọ́. Ẹ kọ aago, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ rí bó ṣe rí gan-an, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún aṣojú yín. Ẹni tó mọ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń jí, ó ṣòro kí wọ́n tó di ẹ̀bi ẹlòmíràn rù ú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.