Ọ̀rọ̀ Nípa Èèpo Katiríìjì Tí Ó Há Sínú Ìbọn



Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀bọ a máa ba èso kòkó jẹ́, nítorí náà ni àwọn kan nínú yín ṣe gba ìwé àṣẹ ìbọn oníkatiríìjì, gẹ́gẹ́ bí òfin ìbọn ọdún 1959 ti wí. Ẹlòmíràn ní ilé ní Festac Town, ìlú tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún ọdún 1977, tàbí níbòmíràn ní Amuwo-Odofin, a sì fi ìbọn rẹ̀ síbẹ̀ títí di ìgbà ìkórè. Ilẹ̀ irà ni ibẹ̀, òkun kò sì jìnnà. Ọ̀rinrin àti iyọ̀ a máa mú kí irin dípẹtà. Katiríìjì oníwèé a fa omi, a sì wú. Bí a bá yin irú rẹ̀, etí rẹ̀ lè já, kí èèpo tí ó kù sì há sínú ihò ìdí ìbọn.

Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn. Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ṣí i, nítorí ẹ̀tù tí ó rin lè pẹ́ kí ó tó gbiná. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, ẹ yọ katiríìjì kejì kúrò. Ẹ wò ó dáadáa: bí ọta bá ṣì wà nínú èyí tí ó há, ẹ má fi ọ̀pá kàn án rárá, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ojú àti ọwọ́ ni ó ń bá irú ìwàǹwára bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá ṣófo, ẹ kán epo ẹ̀rọ díẹ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kí ó jókòó, lẹ́yìn náà ẹ ti ọ̀pá igi gbọọrọ láti ẹnu ìbọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yóò fi jáde ní ìdí. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ojú ọgbẹ́ tí ọ̀bẹ bá dá sí irin ni èèpo mìíràn yóò tún há sí. Àwọn kan a máa ti katiríìjì tuntun wọlé láti fi fa ti àtijọ́: ìwà òmùgọ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó lo ìbọn .303 ní irin kékeré tí a rọ fún iṣẹ́ náà, tí ó rí bí katiríìjì ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ̀tù. Ó ń fi èjìká rẹ̀ kọ́ ẹnu èèpo tí ó ya, a sì fà á jáde.

Kí ẹ tó tún ki ìbọn, ẹ wo inú rẹ̀ láti ìdí títí ẹ ó fi rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu. Ìwọ̀nba bébà tí ó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ lè mú kí irin bẹ́. Katiríìjì yín, inú agolo tí ó ní ìdérí líle ni kí ẹ fi wọ́n sí.